Ọ̀bẹ Bàbá Àgbà àti Ìlú Tó Rọ Ọ́

Ìlú Sheffield kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ pa mọ́ fún àlejò. Láti ibùdókọ̀ ojú irin St Pancras ní Lọ́ńdọ̀nù, ìrìn wákàtí méjì ó lé díẹ̀ ni. Bí èrò bá ti ń jáde kúrò ní ibùdókọ̀, ògiri irin gígùn kan tó ń dán bíi dígí ló máa kọ́kọ́ pàdé wọn, tí omi ń ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ògiri náà ń tọ́ka sí ẹnu ọ̀bẹ tó mú. Lábẹ́ ibùdókọ̀ yẹn kan náà ni odò Sheaf gbà kọjá, odò tí ìlú náà ti gba orúkọ. Òkè pọ̀ níbẹ̀, odò márùn-ún ló sì ń ṣàn láti àárín àwọn òkè náà wọ ìlú: Don, Sheaf, Porter, Rivelin àti Loxley. Kí iná mànàmáná tó dé, omi àwọn odò yìí ló ń yí òkúta ìpọ́nbẹ. Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì tó kú lọ́dún 1400, ti dárúkọ ọ̀bẹ Sheffield nínú ìwé rẹ̀.

Ọ̀nà jìn láti ibẹ̀ dé Kaduna, Makurdi, Enugu tàbí Ìbàdàn. Síbẹ̀, àwọn ìdílé kan ń bẹ ní ìlú wọ̀nyí tí iṣẹ́ ọwọ́ Sheffield wà nísàlẹ̀ àpótí wọn láìmọ̀. Ọ̀bẹ àpò ni, irú èyí tí ojú rẹ̀ ń ká wọ inú èèkù. Èèkù náà dúdú, wọ́n sì fín in wínníwínní kó má bàa yọ̀ lọ́wọ́. Ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Ojú ọ̀bẹ kan wà lára rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń ṣí agolo wà pẹ̀lú, òmíràn sì ní irin ṣóńṣó tí wọ́n fi ń tú kókó okùn. Òrùka kékeré kan wà nídìí rẹ̀ tí wọ́n lè fi okùn kọ́ mọ́ ìgbànú. Bàbá àgbà tó ni ín ti lọ. Ohun tí àwọn ọmọ mọ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: “Bàbá mú un bọ̀ láti ogun Bọ́mà.”

Ṣé òótọ́ ni? Ta ló ṣe é? Ọdún wo? Ọ̀bẹ náà fúnra rẹ̀ lè dáhùn púpọ̀ nínú ìbéèrè yìí, bí àwọn tó jogún rẹ̀ bá mọ bí wọ́n ṣe ń bi í.

Ogun tí wọ́n ń sọ kì í ṣe àlọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn àgbà ń pè ní ogun Hítílà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ọmọ ogun jọ láti Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà lónìí, Sierra Leone àti Gáńbíà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà jà ní Etiópíà lọ́dún 1941. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ẹgbẹ́ 81 àti ẹgbẹ́ 82, bá àwọn ọmọ ogun Jàpáàn jà nínú igbó Bọ́mà títí ogun náà fi ń lọ sópin lọ́dún 1945. Orúkọ àwọn ibi tí wọ́n ti jà ṣì wà lára bárékè ṣọ́jà ní Èkó: Arakan ní Àpápá, Dodan ní Ìkòyí. Marda tó wà ní Yábàá ń rántí ọ̀nà àárín òkè kan ní Etiópíà. Ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ lè má mọ̀ pé orúkọ ojú ogun lòun ń pè fún kọ̀ńdọ́kítọ̀.

Yorùbá ní bí ọwọ́ ọmọ kò bá tíì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Èèkù ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí báyìí. Àsìkò ìbéèrè ti tó.

Ẹ má tíì pọ́n ọn

Ohun tí ọmọ sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe tó bá rí ọ̀bẹ bàbá rẹ̀ tó ti pẹtà ni pé á gbé e tọ alágbẹ̀dẹ lọ, tàbí kó fi sáńpépà tàbí kànrìnkàn onírin ha á títí yóò fi dán. Ọ̀bẹ á dán lóòótọ́, àmọ́ òǹtẹ̀ tó wà lára rẹ̀ á ti bá ìpẹtà lọ. Òǹtẹ̀ yẹn kò jìn. Bó bá ti parẹ́, kò sí ọ̀mọ̀ràn kankan ní Sheffield tó lè dá a padà, ọ̀bẹ tí ì bá sọ orúkọ àti ọdún á sì di irin lásán.

Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ ló tó. Ẹ kán an sí ibi tí ojú ọ̀bẹ ti so mọ́ èèkù, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kí ẹ sì fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Bí kò bá fẹ́ ṣí, ẹ má fipá mú un, ẹ tún kán òróró sí i kí ẹ fi í sílẹ̀ dọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè. Òjìji á jókòó sínú àwọn lẹ́tà náà, wọn á sì yọ jáde. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ báyẹn, kí ẹ sì ya ti èèkù, ti ẹ̀yìn, àti ti gbogbo ohun tó ń ṣí jáde lára rẹ̀.

Fọ́tò yẹn ló yẹ kó rìnrìn àjò. Wọn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọ̀bẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú nínú báàgì ọwọ́, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì le lórí ọ̀bẹ tí èèyàn bá mú rìn ní ìgboro. Bó bá sì jẹ́ eyín erin ni wọ́n fi ṣe èèkù rẹ̀, òfin àgbáyé kò gba kí èèyàn kàn máa gbé e kọjá ààlà láìgba ìwé àṣẹ.

Ohun tí òǹtẹ̀ ń sọ

Ìdí ojú ọ̀bẹ, níbi tó ti fẹ́ wọ inú èèkù, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ẹ bá rí ọfà kékeré kan tó dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ, ohun ìní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀bẹ náà nígbà kan. Bí lẹ́tà C bá yí ọfà náà ká, ti ìjọba Kánádà ni. Bí lẹ́tà D bá wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀, ti Ọsirélíà ni. Nítorí náà, ọfà nìkan kò tó láti sọ pé Sheffield ni wọ́n ti ṣe é. Orúkọ ilé iṣẹ́ àti orúkọ ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Lára ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ ológun, ọdún tí wọ́n ṣe é wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ibí yìí ni ìtàn ìdílé ti máa ń ko ìdánwò. Ọ̀bẹ tí 1944 wà lára rẹ̀ kò lè bá ẹnikẹ́ni dé Marda lọ́dún 1941. Bó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń sọ nílé nìyẹn, ẹ má tìtorí rẹ̀ sọ pé bàbá purọ́. Ọmọ ogun tí ọ̀bẹ rẹ̀ bá sọnù lè gba òmíràn, ẹni tó jà ní Etiópíà sì tún lè lọ sí Bọ́mà. Ohun tí ẹ mọ̀ báyìí kò ju pé ọ̀bẹ yìí kọ́ ló mú lọ sí ogun àkọ́kọ́. Àmọ́ bí ọdún náà bá jẹ́ 1943, tí bàbá sì ń sọ nígbà ayé rẹ̀ pé inú igbó Arakan lòun wà kí ogun tó parí, ọ̀rọ̀ bàbá àti ọ̀rọ̀ irin bára mu.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀bẹ ogún ló ti ojú ogun wá. Òmíràn jẹ́ ti bàbá tó ṣe akọ̀wé, òmíràn jẹ́ ẹ̀bùn ọ̀gá òyìnbó. Ìwọ̀nyí náà ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọjọ́ orí wọn. Lẹ́tà VR tó ní adé lórí tọ́ka sí ayé Ọbabìnrin Victoria, tó jọba láti 1837 sí 1901. GR jẹ́ ti àwọn ọba tó ń jẹ́ George. Bí “ENGLAND” bá tẹ̀lé “SHEFFIELD”, ó sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láti 1891 síwájú, torí òfin owó ibodè tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1890 sọ ọ́ di dandan kí ọjà òkèèrè tó bá wọ ilẹ̀ wọn ní orúkọ orílẹ̀-èdè tó ti wá. Bí “STAINLESS” bá wà lára rẹ̀, kò lè ṣáájú 1913. Ọdún yẹn ni Harry Brearley, ọmọ bíbí Sheffield, ń wá irin tí yóò tọ́ lẹ́nu ìbọn, tó wá rí àdàpọ̀ irin tí kì í pẹtà.

Èèkù náà ń sọ̀rọ̀. Egungun sábà máa ń ní tóótòòtó kéékèèké lára. Eyín erin kì í ní in. Ìlà wínníwínní ló máa ń ní. Ìwo màlúù àti ìwo àgbọ̀nrín wọ́pọ̀, ìkarahun òkun tó ń dán sì wà lára ọ̀bẹ olówó. Ilé iṣẹ́ Joseph Rodgers ní Sheffield ní yàrá tí wọ́n ń kó eyín erin ilẹ̀ Áfíríkà jọ sí, àwọn àlejò a sì máa wá wò ó. Erin ilẹ̀ Áfíríkà ti ń rin ọ̀nà Sheffield kí ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tó gbọ́ orúkọ ìlú náà.

Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú orúkọ

Ní òpópónà Church Street, ní ìdojúkọ kàtídírà, ilé gíga kan wà tó ní òpó ńláńlá níwájú. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọ̀bẹ ni, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1832 lẹ́yìn méjì tó ti wà ṣáájú rẹ̀. Òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1624. Lára iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa kọ àmì oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí ẹlòmíràn má bàa lò ó. Àmì di ohun ìní bí ilé àti ilẹ̀. Wọ́n lè fi jogún, wọ́n lè fi yá èèyàn, wọ́n sì lè tà á.

Àwọn àmì kan gbajúmọ̀ débi pé ẹni tí kò mọ ìwé á dá wọn mọ̀. Ìràwọ̀ àti àgbélébùú Málítà jẹ́ ti Joseph Rodgers. Lẹ́tà mẹ́ta IXL jẹ́ ti George Wostenholm. Bí wọ́n bá kà á jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, á dún bí ìgbà tí èèyàn ń sọ pé òun ta yọ. Nínú gbọ̀ngàn yẹn ni ọ̀bẹ tí wọ́n ń pè ní Norfolk Knife wà, tí Rodgers ṣe fún ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1851. Ojú ọ̀bẹ 75 ló ń ṣí jáde lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa fi gé iṣu. Agbára iṣẹ́ ni wọ́n fi hàn.

Ibi tí orúkọ bá ti lówó lórí, ayédèrú kì í pẹ́ dé. Àwọn oníṣòwò kan ń lu orúkọ Sheffield mọ́ ọ̀bẹ tí wọn kò ṣe níbẹ̀ rí. Ìgbe àwọn ará Sheffield wà lára ohun tó mú kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin àmì ọjà lọ́dún 1887. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ka orúkọ kan lára ọ̀bẹ kó sì dákẹ́ síbẹ̀. Ó lè jẹ́ orúkọ ẹni tó ta á. Ó lè jẹ́ orúkọ tí ilé iṣẹ́ mìíràn rà nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ kógbá wọlé. Ẹ fi orúkọ, àdírẹ́sì, àmì, èèkù àti ọdún wé ara wọn. Bí gbogbo wọn bá ń tọ́ka sí ibì kan náà, ọkàn lè balẹ̀. Ìwé ńlá tí onítàn Geoffrey Tweedale kọ nípa àwọn oníṣẹ́ ọ̀bẹ Sheffield láti 1740 wúlò gan-an fún irú àfiwé yìí.

Bí òǹtẹ̀ náà bá sì ní kí ẹ gba ibòmíràn lọ, ẹ gba ibẹ̀. Bí “SOLINGEN” bá wà lára rẹ̀, Jámánì ni ilé rẹ̀. Ìbejì méjì tó dúró pọ̀ jẹ́ ti Henckels, tí wọ́n ti ń lo àmì yẹn láti 1731. Bó bá sì jẹ́ pé ẹni tó ti Niamey, Cotonou tàbí Abidjan bọ̀ ló mú un wálé, tí èèkù rẹ̀ jẹ́ páànù dúdú tí wọ́n ká, tí wọ́n sì fín àwòrán egúngún kan sí i lára, Douk-Douk ni. Ìlú Thiers ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é lọ́dún 1929. Àwòrán náà jọ egúngún wa, ṣùgbọ́n láti erékùṣù Melanesia lókè òkun Pàsífíìkì ni wọ́n ti mú un.

Ọwọ́ tó wà lẹ́yìn orúkọ

Ẹni tó bá ti mọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ̀bẹ bàbá rẹ̀ lè rò pé òun ti mọ ẹni tó ṣe é. Sheffield fúnra rẹ̀ máa sọ fún un pé ó kù. Ẹ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Kelham Island, létí odò Don, níbi tí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún irinṣẹ́ tí Ken Hawley fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣà jọ sí. Níbẹ̀ lèèyàn ti máa rí i pé ọ̀bẹ kékeré kan gba ọ̀pọ̀ ọwọ́ kọjá. Ẹnì kan rọ ojú rẹ̀ nínú iná. Ẹlòmíràn pọ́n ọn lórí òkúta tí ń yí. Ẹnì kẹta to ojú, sípíríǹgì àti èèkù pọ̀, ó sì fi ìṣó dè wọ́n. Lẹ́yìn náà, àwọn obìnrin tó fi pépà wé ara nítorí ìdọ̀tí dán an títí ó fi ń kọ mànà. Púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin náà kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó lu òǹtẹ̀. Yàrá kékeré ni wọ́n háyà, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ fún ẹni tó bá gbé e wá.

Shepherd Wheel wà létí odò Porter, nínú igbó tó tutù dáadáa. Àgbá onígi ńlá kan tí omi ń yí wà níta, òkúta ìpọ́nbẹ sì tò sínú ilé. Ó ti lé ní 400 ọdún tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n irin níbẹ̀. Ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ á jókòó bí ẹni gun ẹṣin, á tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ á sún mọ́ òkúta. Òkúta lè fọ́ lójijì kó sì pa á. Eruku òkúta àti irin tún ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ní pàtàkì lára àwọn tó ń pọ́n láìfi omi sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì kú kí wọ́n tó pé 40 ọdún. Orúkọ wọn kò sí lára ọ̀bẹ kankan.

Ìlú náà san tirẹ̀ nínú ogun tí ọ̀bẹ bàbá ti wá. Ní alẹ́ ọjọ́ 12 àti ọjọ́ 15 oṣù December, 1940, ọkọ̀ òfuurufú Jámánì rọ̀jò bọ́ǹbù sí Sheffield, èèyàn tó lé ní 660 ló sì kú.

Ọwọ́ tó mọ gbogbo iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò pọ̀ mọ́. Stan Shaw, tí wọ́n bí lọ́dún 1926, wọ ilé iṣẹ́ Ibberson nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 14, ó sì ń ṣe ọ̀bẹ àpò títí ó fi darúgbó. Ó kú lọ́dún 2021. Irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń dán ọ̀bẹ wò: wọ́n á ṣí i, wọ́n á pa á dé, wọ́n á fetí sí i. Wọ́n ní ọ̀bẹ rere gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n rìn, kó sì mọ̀ ọ́n sọ. Bó bá ṣí wọ́ọ́rọ́, tó sì dún “pa!” nígbà tó ń padà sílé, ẹni tó tò ó mọṣẹ́. Ẹni tó jogún ọ̀bẹ Sheffield lè gbọ́ ohùn yẹn nínú pálọ̀ rẹ̀ lónìí, bí òróró bá ti wọ̀ ọ́.

Nílẹ̀ wa, ní Bida, ní Awka, ní Kano, títí dé agbẹ̀dẹ abúlé, ẹnì kan náà ló sábà máa ń mú irin láti inú iná dé ìdí èèkù. Púpọ̀ nínú wọn kì í kọ orúkọ sára àdá, torí ẹni tó ń rà á mọ ilé wọn, bí àdá bá sì ṣẹ́, ó mọ ẹni tó máa bá wí. Sheffield ń ta ọ̀bẹ fún ẹni tí kò lè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láé. Ìdí nìyẹn tó fi nílò òǹtẹ̀, òun náà ló sì jẹ́ kí ọmọ ọmọ ṣọ́jà kan ní Makurdi lè tọpa irin náà dé etí odò Don lẹ́yìn 80 ọdún.

Ohun kan wà tí Sheffield kò lè kọ sára ọ̀bẹ yẹn. Àwọn ọmọ ogun kan fi ìṣó ha nọ́ńbà wọn sí èèkù, nítorí náà ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sọ pé kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ jù lọ, orúkọ ilé iṣẹ́ wà, ọfà ọba wà, ọdún wà, orúkọ ẹni tó gbé e la igbó kọjá kò sí. Ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ bàbá sí i, ìlú rẹ̀, nọ́ńbà ológun rẹ̀ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ibi tó sọ pé òun dé, àti orúkọ ẹni tó sọ fún yín. Ẹ kọ ohun tí òǹtẹ̀ sọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ká ìwé náà, kí ẹ sì fi í sínú àpótí pẹ̀lú ọ̀bẹ, kí àwọn àgbàlagbà tó lè dáhùn ìbéèrè tó kù tó lọ.